Ginger Baker: Òyìnbó onílù tí ó la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá nítorí ìlù

Onílù pọ̀ nínú ayé orin rọ́ọ̀kì, àwọn tí wọ́n sì ń fi agbára lu ìlù kò níye. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ti òyìnbó onílù tí ó kọjú sí ìlù ilẹ̀ Áfíríkà bí ọmọ iṣẹ́ ṣe ń kọjú sí ọ̀gá, tí ó fi okìkí sílẹ̀ ní London, tí ó wa ọkọ̀ la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá títí ó fi wọ Èkó, orúkọ kan ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí àwọn ènìyàn lọ́kàn. Ginger Baker ni orúkọ náà.

Peter Edward Baker ni àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Irun orí rẹ̀ tí ó pọ́n ni ó mú kí wọ́n máa pè é ní Ginger. Ọjọ́ 19, oṣù Kẹjọ, ọdún 1939 ni wọ́n bí i ní Lewisham, ní gúúsù London. Ó jáde láyé ní ọjọ́ 6, oṣù Kẹwàá, ọdún 2019, ní ìlú Canterbury, lẹ́ni ọdún 80. Títí di òní, àwọn tí wọ́n mọ ìlù lù kò yé jiyàn lórí rẹ̀. Àwọn kan ní kò sí onílù rọ́ọ̀kì tí ó tó o, àwọn mìíràn ní ìwà rẹ̀ ti ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Àwọn méjèèjì ni wọ́n ní ohun tí wọ́n rí.

Kí ohun tí ó mú un yàtọ̀ tó lè yéni, ó yẹ kí a wo irú ìlù tí ó ń lù. Ìlù òyìnbó tí àwọn ọ̀dọ́ ń lù ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lóde àríyá kì í ṣe ìlù kan ṣoṣo. Àkójọ ìlù ni, ẹnì kan ni ó sì ń jókòó sáàárín wọn. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni ó fi ń tẹ ìlù ńlá tí ó wà nílẹ̀, tí ó ń dún gbì-gbì. Ọwọ́ òsì ni ó sábà fi ń na ìlù pẹlẹbẹ tí ohùn rẹ̀ mú. Ọwọ́ ọ̀tún ń bẹ lórí aro, ìyẹn àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n gbé kọ́ sókè, ẹsẹ̀ òsì sì ń pa aro méjì pọ̀, ó tún ń ṣí wọn. Iṣẹ́ tí àwọn onídùndún máa ń pín láàárín ara wọn, tí ìyáàlù ń sọ̀rọ̀, tí gúdúgúdú ń ta sí i, tí kẹríkẹrì ń gbè é lẹ́sẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ni yóò ṣe gbogbo rẹ̀ níbí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ohun tí ọ̀pọ̀ olórin rọ́ọ̀kì ń fẹ́ lọ́wọ́ onílù kò ju pé kí ó di ìgbà orin mú: oókan, eéjì, ẹẹ́ta, ẹẹ́rin, kí olórin àti onígìtá má baà ṣìnà. Baker kò gbà pé iṣẹ́ onílù parí síbẹ̀. Ó mú kí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan àti ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti sọ. Nígbà tí ọwọ́ ọ̀tún bá ń ka mẹ́rin, ẹsẹ̀ lè máa ka mẹ́ta, síbẹ̀ wọn yóò pàdé níbi tí ó yẹ kí wọ́n ti pàdé. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ bàtá rí mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì nílẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n ní àárín àwọn ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì ìgbà náà, ohun tuntun pátápátá ni.

Kò tún fi ìlù ńlá kan mọ. Ó rí i pé Sam Woodyard, onílù Duke Ellington, ń lo méjì, òun náà sì gbé méjì kalẹ̀, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí ó tó di olówó, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe àkójọ ìlù láti ara ike líle kan tí ó ń dán bíi gíláàsì, tí ó ń fi iná rọ̀ kí ó lè tẹ̀. Nígbà tí ó bá ń lù, òógùn a bò ó, irun pupa a bò ó lójú, ara rẹ̀ tí ó tín-ín-rín a máa mì bí igi inú ìjì. Ariwo àti òógùn yìí ni àwọn èrò kọ́kọ́ ń rí. Àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ ni wọ́n ń gbọ́ ìṣirò tí ó wà lábẹ́ rẹ̀.

Baker kò jáde láti ìdílé onílù. Ogun Àgbáyé Kejì pa bàbá rẹ̀ ní ọdún 1943, nígbà tí ọmọ náà jẹ́ ẹni ọdún 4 péré. Bàbá yìí ti kọ lẹ́tà sílẹ̀, pé kí wọ́n fún ọmọ náà nígbà tí ó bá pé ọdún 14. Lára ìmọ̀ràn inú lẹ́tà náà ni pé ẹ̀ṣẹ́ ọkùnrin lè jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tòótọ́. Ó hàn nínú ìgbésí ayé ọmọ náà pé kò gbàgbé gbólóhùn yìí.

Kẹ̀kẹ́ gígùn ni ó kọ́kọ́ fẹ́ràn, ó sì ní in lọ́kàn láti fi eré kẹ̀kẹ́ ṣe iṣẹ́, kí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó bàjẹ́ nígbà tí òun àti ọkọ̀ takisí kan kọlu ara wọn. Ní ilé ìwé, gbogbo ìgbà ni ó máa ń fi ìka lu tábìlì. Ní ọjọ́ àríyá kan, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tì í lọ sídìí ìlù, bí ó sì ṣe jókòó báyìí ni ó ń lù ú bí ẹni tí ó ti ń lù ú tipẹ́. Láti ọjọ́ náà ni ó ti mọ ohun tí òun wá ṣe láyé.

Ẹni tí ó là á lójú ni Phil Seamen, ògbólógbòó onílù jáàsì ní London. Seamen fi àwọn àwo orin onílù ilẹ̀ Áfíríkà hàn án, ó sì kọ́ ọ bí yóò ṣe máa gbọ́ ibi tí ìdí orin wà nígbà tí ìlù mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ṣeni láàánú pé ọwọ́ Seamen yìí kan náà ni ó ti mọ oògùn olóró heroin. Ẹ̀kọ́ rere àti ẹ̀kọ́ búburú gba ẹnu ọ̀nà kan náà wọlé sí i lára, ó sì gbà á ní nǹkan bí 20 ọdún kí ó tó bọ́ lọ́wọ́ èyí tí ó burú.

Ní ọdún 1962, ó bọ́ sínú ẹgbẹ́ Alexis Korner, níbi tí ó ti rọ́pò Charlie Watts, ẹni tí ó padà di onílù Rolling Stones. Lẹ́yìn èyí ni ó bá Graham Bond ṣiṣẹ́. Inú ẹgbẹ́ Bond ni òun àti Jack Bruce, tí ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀, ti di ọ̀tá ara wọn. Wọ́n jà lórí ìtàgé, Baker fa ọ̀bẹ yọ sí Bruce, ó sì lé e kúrò nínú ẹgbẹ́. Síbẹ̀, nígbà tí Baker lọ bá Eric Clapton ní ọdún 1966 pé kí àwọn dá ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀, Clapton ní Bruce gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Baker gbé ìgbéraga tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó lọ bẹ Bruce. Bí wọ́n ṣe dá Cream sílẹ̀ nìyẹn.

Ọdún méjì àti oṣù díẹ̀ ni Cream lò, ṣùgbọ́n ó tó láti yí orin rọ́ọ̀kì padà. Ènìyàn mẹ́ta péré ni wọ́n, ìdí nìyẹn tí àyè fi gba ìlù láti sọ̀rọ̀. Nínú àwo orin wọn àkọ́kọ́, *Fresh Cream*, tí ó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 1966, orin kan wà tí wọ́n pè ní "Toad". Àwọn onígìtá a bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọn a dákẹ́, Baker nìkan a sì gba ojú orin. Ó wà lára àwọn àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nínú àwo orin rọ́ọ̀kì. Nígbà tí wọ́n gbà á sílẹ̀ lójú agbo ní San Francisco, ní oṣù Kẹta ọdún 1968, fún *Wheels of Fire*, orin náà gùn tó ìṣẹ́jú 16.

Ọ̀pọ̀ onílù ni ó gbọ́ "Toad" tí ó sì rò pé agbára ni gbogbo rẹ̀. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ju agbára lọ. Ẹsẹ̀ méjèèjì a di ìdí kan mú, wọn kò ní jẹ́ kí ó yẹ̀. Ọwọ́ a sì máa rìn lórí àwọn ìlù yòókù láti orí èyí tí ohùn rẹ̀ ròkè dé orí èyí tí ohùn rẹ̀ balẹ̀, bí ẹni tí ń béèrè ọ̀rọ̀ tí ó sì ń dá ara rẹ̀ lóhùn. Nínú "Sunshine of Your Love" ti ọdún 1967 pẹ̀lú, ohun kan wà tí etí tètè máa ń gbà láìmọ ìdí rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ orin rọ́ọ̀kì, oókan àti ẹẹ́ta kì í lágbára tó eéjì àti ẹẹ́rin. Baker yí i padà, ó gbé ìwúwo sórí oókan àti ẹẹ́ta, ó sì lù ú lórí àwọn ìlù olóhùn ìsàlẹ̀, débi pé orin náà ń rìn bí ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ kilẹ̀ níbi ayẹyẹ ọba.

Ohun kan tí ó máa ń bí i nínú ni kí wọ́n pè é ní onílù rọ́ọ̀kì. Onílù jáàsì ni ó ka ara rẹ̀ sí. Lójú tirẹ̀, kì í ṣe bí ènìyàn ṣe ń yára lù tàbí bí ó ṣe ń lù kíkan ni ó ń sọ ọ́ di onílù, bí kò ṣe bí ìgbà orin ṣe rí lára rẹ̀, ìyẹn ohun tí ó máa ń mú kí èjìká olùgbọ́ mì láìjẹ́ pé ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹ̀bùn ni, ènìyàn kò lè rà á. Òṣùwọ̀n yìí ni ó fi wọn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kò sì fi ìyìn ṣòfò lórí Keith Moon tàbí John Bonham, tí gbogbo ayé ń kókìkí.

Cream tú ká ní oṣù Kọkànlá ọdún 1968. Ní ọdún 1969, òun àti Clapton tún pàdé nínú ẹgbẹ́ Blind Faith, tí kò pé ọdún kan. Ní oṣù Kìíní ọdún 1970, ó kó ogunlọ́gọ̀ olórin jọ, ó pè wọ́n ní Ginger Baker's Air Force. Phil Seamen, ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́, wà níbẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà kan tí ń jẹ́ Rẹ̀mí Kabaka náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìlù tirẹ̀. Ó ti hàn nígbà náà ibi tí ọkàn Baker ń lọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, nígbà tí Fẹlá Aníkúlápò-Kútì ń kọ́ orin ní Trinity College of Music ní London, òun àti Baker ti mọ ara wọn ní agbo àwọn onijáàsì. Ní ọdún 1971, Fẹlá àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gba orin sílẹ̀ ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ Abbey Road ní London, níwájú àwọn èrò tí wọ́n pè wá síbẹ̀. Baker bá wọn lu ìlù, wọ́n sì gbé àwo náà jáde pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lára. Orin "Ẹ gbé mi o" wà nínú àwo yìí.

Ní ìparí ọdún 1971 kan náà, Baker ra ọkọ̀ Range Rover kan, ó sì mú ọ̀nà Algeria pọ̀n, ó gba inú aṣálẹ̀ Sàhárà wá sí Nàìjíríà. Tony Palmer, tí ń ṣe fíìmù, bá a rìn, ó sì ya ìrìn àjò náà. Kò tíì pé ọdún méjì tí ogun abẹ́lé Nàìjíríà parí. Ẹni tí ó ní owó àti okìkí lè wọ bàálù, kí ó sì balẹ̀ sí Èkó láàárín wákàtí díẹ̀. Baker yan iyanrìn àti eruku, nítorí ó fẹ́ gbọ́ bí ìlù ṣe ń yí padà láti ìlú dé ìlú.

Ohun tí ó bá wá sí Èkó ni láti kọ́ ilé ìgbohùnsílẹ̀ ìgbàlódé tí olórin ilẹ̀ wa yóò máa lò láìlọ sí London. Wàhálà pọ̀, ṣùgbọ́n ní ìparí oṣù Kìíní ọdún 1973, ilé náà ṣí ní Ìkẹjà. Batakota ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì tún mọ̀ ọ́n sí ARC. Ẹ̀rọ ibẹ̀ lè gba ohùn 16 sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tí Paul McCartney àti ẹgbẹ́ Wings wá sí Èkó ní ọdún náà láti ṣe *Band on the Run*, ilé ìgbohùnsílẹ̀ EMI ní Àpápá ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ya ọ̀dọ̀ Baker ní Ìkẹjà fún orin kan, "Picasso's Last Words", ọ̀gá onílù náà kò sì lu ju agolo tí wọ́n rọ òkúta wẹ́wẹ́ sí lọ nínú rẹ̀.

Ó tún dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Èkó tí ó pè ní Salt. Laolu Akins àti Berkley Jones wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìbejì olórin, Táíwò àti Kẹ́hìndé Lijadu. Ní ọdún 1972, wọ́n lọ ṣeré ní Munich, ní ilẹ̀ Jámánì, lásìkò ìdíje Òlíńpíìkì. Salt kò pẹ́, ṣùgbọ́n Laolu Akins àti Berkley Jones dá BLO sílẹ̀ pẹ̀lú Mike Odumosu, ẹgbẹ́ tí gbogbo ẹni tí ń kọ ìtàn orin rọ́ọ̀kì Nàìjíríà kò lè fò dá.

Níbí ni ó ti yẹ kí a fi ọ̀rọ̀ sí àyè rẹ̀. Àwọn òyìnbó kan máa ń sọ ìtàn yìí bí ẹni pé Baker ni ó gbé ìlù wá fún Fẹlá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Tony Allen, ọmọ Èkó tí wọ́n bí ní ọdún 1940, ni ó jókòó sídìí ìlù Fẹlá láti àwọn ọdún 1960, ọwọ́ rẹ̀ ni ìlù Afrobeat sì ti rí ara. Òun náà gbọ́ àwọn onílù jáàsì ilẹ̀ Amẹ́ríkà láti inú àwo orin, ó gba ìlù òyìnbó, ó sì kọ́ ọ ní èdè ilé. Bí Baker ṣe ń wá sílé ìlù láti òkèèrè, bẹ́ẹ̀ ni Allen ń gba ìlù òkèèrè wọlé. Ojú ọ̀nà ni àwọn méjèèjì ti pàdé. Baker mọ èyí, kò sì fi ìgbà kankan pe ara rẹ̀ ní olùkọ́ Allen. Fún ọkùnrin tí kì í yin ẹnikẹ́ni, ìtẹríba kékeré kọ́ nìyẹn.

Ìlù wọn kò jọra. Allen a máa lù ú jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ń bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀ lábẹ́ igi, kò ní yára, kò ní pariwo, síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò lè jókòó jẹ́ẹ́. Baker a máa lù ú bí ẹni tí ń gba ẹjọ́ rò níwájú ọba. Ohun tí wọ́n jọ ní ni pé etí wọn ṣáájú ọwọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ìlù bá dún àdúnjù, yíya ní í ya. Ní Èkó, Baker kọ́ eré póólò, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó ń ná owó rẹpẹtẹ lórí ẹṣin. Eré àwọn ọlọ́lá àti àwọn ológun ni, àwọn gan-an tí Fẹlá ń fi orin bá jà. Àárín àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì kò dán mọ́ran mọ́. Òwò ilé ìgbohùnsílẹ̀ náà sì dojú rú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní ọdún 1976, ó fi Nàìjíríà sílẹ̀.

Bí ó ṣe rí níbi gbogbo nìyẹn. Ó lọ dáko ólífì ní Ítálì, níbi tí ó ti já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ heroin. Ó lọ sí Amẹ́ríkà, ó tún lọ sí Gúúsù Áfíríkà. Owó wọlé, owó jáde lórí ẹṣin. Ìgbéyàwó rẹ̀ mẹ́ta tú ká. Ní ọdún 2005, Cream tún pàdé ní London àti New York, inú àwọn olùgbọ́ dùn, ṣùgbọ́n kí ó tó parí, òun àti Bruce ti tún ń bínú síra wọn. Nígbà tí Jay Bulger ń ṣe fíìmù nípa ìgbésí ayé rẹ̀, *Beware of Mr. Baker*, tí ó jáde ní ọdún 2012, Baker fi ọ̀pá ìtilẹ̀ na ọkùnrin náà nímú. Ẹ̀ṣẹ́ inú lẹ́tà bàbá rẹ̀ kò fi í sílẹ̀ títí ó fi darúgbó. Àwọn tí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ kò lè sẹ́ èyí, kò sì yẹ kí wọ́n sẹ́ ẹ. Ìwà lẹwà, ẹwà Baker sì kù síbì kan.

Ohun tí kò bàjẹ́ nínú rẹ̀ ni òtítọ́ rẹ̀ sí ìlù. Ara rẹ̀ ti ń dùn ún, èémí rẹ̀ kò já gaara mọ́, síbẹ̀ ó gbé àwo orin jáde ní ọdún 2014. Onílù tí ó jókòó tì í nínú iṣẹ́ yẹn ni Abass Dodoo, ọmọ Ghana. Títí dé òpin, kò lu ìlù kúrò lọ́dọ̀ ilẹ̀ tí ó ti kọ́ ọ.

Oṣù kan péré lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni Kẹ́hìndé Lijadu kú, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019. Tony Allen tẹ̀ lé wọn ní Paris, ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹrin, ọdún 2020. Fẹlá ti ṣáájú gbogbo wọn lọ láti ọdún 1997. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1978, níbi àjọ̀dún orin jáàsì ní Berlin, Baker àti Allen jókòó sídìí ìlù méjì, wọ́n sì jọ lù ú. Wọ́n fi ìlù náà kún àwo Fẹlá ti ọdún 1971 nígbà tí wọ́n tún un gbé jáde ní ọdún 2001. Ọ̀dọ́ onílù tí ó bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀ láàárín ariwo àti ìlù lè wá a rí, kí ó jókòó, kí ó sì gbọ́ bí àgbà onílù kan ṣe ń dákẹ́ kí èkejì lè sọ̀rọ̀.